Kàpásítọ̀ tó sùn fún ọdún 13: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lórí ańpílífáyà ìjọ kan ní Ìkòròdú

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ìjọ náà ṣe ìkórè nígbà tí Ìyá Ìjọ gbé ańpílífáyà wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, ní Ìkòròdú. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló fi gbé e wá, ọmọkùnrin méjì ló sì bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ náà báyìí, sípíkà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn "hùùù" kí ẹnikẹ́ni tó fọhùn sí máìkì, bí ẹni pé màlúù kan wà lẹ́yìn pẹpẹ. Bí onígìtá béèsì bá wọlé, tí onílù náà wọlé, gbogbo ohùn á máa wárìrì, á máa ya bí aṣọ.

"Ẹnjiníà," ó wí, "owó tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ń dá jọ láti ọdún tó kọjá la fẹ́ fi tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kójú tì wá lọ́jọ́ ìkórè."

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀," ni mo wí.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ni kàpásítọ̀ kan, agolo tó ń gba iná pamọ́, bú nínú ẹ̀rọ yẹn lórí tábìlì mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí nígbà náà, mo sì ti pààrọ̀ kàpásítọ̀ tí n kò lè ka iye rẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan wà nípa wọn tí n kò kà sí. Òun ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, fún ẹni tó bá ń tún ańpílífáyà ṣe, pàápàá ẹni tó ní páálí kàpásítọ̀ àtijọ́ lábẹ́ tábìlì bíi tèmi.

Nígbà tí mo ṣí ẹ̀rọ náà, àìsàn rẹ̀ hàn lójú. Kàpásítọ̀ ńlá mẹ́rin ló wà nídìí pawa rẹ̀, méjì ní apá pọ́sítífù, méjì ní apá nẹ́gẹ́tífù. 10,000µF 63V ni wọ́n kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan: µF ni ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́, V ni fólítì tó lè fara dà. Orí méjì nínú wọn ti wú bí ẹ̀kọ tó gbóná jù, omi aláwọ̀ ilẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ bọ́ọ̀dù nídìí ọ̀kan. Kíkùn tí Ìyá Ìjọ ń sọ ti yé mi: kàpásítọ̀ tó gbẹ kò lè gba iná dúró mọ́, ìbìlù iná tírànsífọ́mà wá ń bá ohùn jáde.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí wọ́n fi wú. Tírànsífọ́mà náà ń gbé 40V jáde lọ́tùn-ún àti lósì. Bí dáyóòdù bá sọ ọ́ di DC, iná tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo, tí kàpásítọ̀ gbà á, á di bíi 55V. 63V tó fún 55V, ẹnikẹ́ni ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ni ìjọ náà ń lò ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ Àìkú. Mo rán ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi lọ sí ilé ìjọsìn náà pẹ̀lú mítà. Ó padà dé, ó ní 252V ni jẹnẹrétọ̀ yẹn ń sọ nígbà tí wọn ò tíì gbé ẹrù kankan lé e. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: orí 220V ni 40V yẹn ti ń jáde, lórí 252V á di nǹkan bíi 46V, DC rẹ̀ á sì sún mọ́ 64V. Láti ọdún wọ̀nyí, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ yẹn sórí jẹnẹrétọ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ ni kàpásítọ̀ 63V ń gba ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ. Mo pinnu pé 80V ni mo máa fi sí i.

Mo ní in nílé, ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàbá kan tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní apá Ìgbógbó jáde láyé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ta ẹrù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lára ohun tí mo rà ni páálí kan tí kàpásítọ̀ 10,000µF 80V mẹ́rìnlélógún wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan wọn, iṣẹ́ Jèpáánù, ojúlówó. Ẹni tó bá ń lọ Alábá mọ ohun tí ojúlówó túmọ̀ sí fún wa. Wọ́n lè bọ́ awọ kàpásítọ̀ kékeré, kí wọ́n fi awọ mìíràn tí wọ́n kọ nọ́ńbà ńlá sí wé e. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń fi kékeré pamọ́ sínú agolo ńlá. Tèmi kì í ṣe irú ìyẹn. Wọ́n tẹ 0938 sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 38 nínú ọdún 2009. Ọdún 2022 la wà. Mo ka nọ́ńbà yẹn, mo sì kọjá lórí rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fi mítà wọn mẹ́rin kan. Ọ̀kan sọ 9,700µF, èkejì 9,850, àwọn yòókù náà wà láàárín ibẹ̀. Mo ní kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn mọ́ bọ́ọ̀dù. A tan ẹ̀rọ, kíkùn lọ pátápátá. Mo fi orin kékeré sí i lórí sípíkà ṣọ́ọ̀bù, ohùn mọ́ gaara. Bíi ìṣẹ́jú 25 kọjá, iná ìjọba lọ, a yí i sórí jẹnẹrétọ̀ tiwa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn la gbóòórùn ohun kan bí ẹja tó ti rà. Kí n tó dìde, ó dún gbàù. Èéfín funfun bo tábìlì, bébà tútù àti ègé alumíníọ̀mù fọ́n ká inú ẹ̀rọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ti gbé ìdérí rẹ̀ lé e lórí, kò kan ojú ẹnikẹ́ni.

Ohun tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ rò náà ni mo rò: ọmọ yìí ti jó o sódì. Kàpásítọ̀ irú èyí tí a bá fi pọ́sítífù rẹ̀ sí nẹ́gẹ́tífù kò ní ṣe ju kó bú lọ. Mo bú ọmọ náà níwájú oníbàárà méjì.

"Ọ̀gá, mo wo ìlà ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jó o," ó wí. N kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí èéfín lọ, mo tú bọ́ọ̀dù, mo yí i, mo wo ibi tí ìlà nẹ́gẹ́tífù dojú kọ. Ó jó o bó ṣe yẹ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà ní ipò wọn. Mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn tí mo ti bú u lójú wọn, nítorí ẹ̀bi tí a dá ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lórí ohun tí kò ṣe ni kì í jẹ́ kó sọ ohun tó bá rí lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ ó sì rí i pé ohun tí ọmọ yìí rí lẹ́yìn náà ló tú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀.

Mo wá fura sí jẹnẹrétọ̀. Mo wọn tiwa, 228V. Mo ṣe ìṣirò DC rẹ̀, kò kọjá 57V. Kàpásítọ̀ 80V kò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohunkóhun kan òun. Mo fura sí ayédèrú. Mo fi ọ̀bẹ la èyí tó bú, mo tú ohun inú rẹ̀ sílẹ̀ lórí bébà ìròyìn. Alumíníọ̀mù inú rẹ̀ kún agolo, ó gùn, wọ́n ká a pọ̀ dáadáa bí ẹní. Kò sí kékeré nínú ńlá. Ojúlówó ni lóòótọ́, ó sì bú.

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ló là á. A ti yọ iná, a ti fi rẹsísítọ̀, ohun tó ń dín iná kù, fa agbára tó kù nínú àwọn mẹ́ta yòókù jáde, ó sì ń yọ wọn kúrò lára bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fọwọ́ kan èyí." Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná bí ife tíì. Àwọn méjì yòókù lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́.

Ẹ dúró síbí yìí pẹ̀lú mi. Orin kékeré la ń gbọ́, ohùn kò tó ti rédíò. Tíránsísítọ̀ òkè tutù. Kí ló wá ń mú kàpásítọ̀ gbóná? Ooru kì í dédé wá. Bí nǹkan bá gbóná nínú ẹ̀rọ, iná ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kàpásítọ̀ pawa sì ni a fi síbẹ̀ kó gba iná dúró, kì í ṣe kó jẹ́ kó kọjá. Ó ń jò.

Ìdí tó fi ń jò rèé. Nínú kàpásítọ̀ irú èyí, alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n ká pọ̀, tí bébà tí wọ́n rẹ sínú omi kẹ́míkà wà láàárín wọn. Bébà yẹn kọ́ ló ń dá iná dúró. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, oxide, tí ilé iṣẹ́ fi iná mú hù lára alumíníọ̀mù náà ni. Fún fólítì kọ̀ọ̀kan, awọ yẹn kò ju bíi nánómítà kan àti díẹ̀ lọ. Ti 80V kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń wà lára kàpásítọ̀ látìgbàdégbà, iná yẹn fúnra rẹ̀ ló ń dí ibi tó bá fẹ́ lu. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sínú páálí fún ọdún 13, omi kẹ́míkà á máa jẹ awọ náà, á di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ọjọ́ tí a bá fi iná lé e lójijì, iná á ya gba ibi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn. Awọ náà á gbìyànjú láti hù padà, àmọ́ bó ṣe ń hù ló ń tú gáàsì háídírójìn sílẹ̀, ibẹ̀ sì ń gbóná. Bó bá ṣe ń gbóná sí i ni yóò máa jò sí i. Nínú ańpílífáyà ńlá, tírànsífọ́mà lè fún un ní gbogbo iná tó bá béèrè, kò sí ẹni tó máa sọ pé ó tó. Gáàsì á kún agolo, orí rẹ̀ á là.

Kí ló dé tí mítà wá sọ fún mi pé ó dára? Fólítì kékeré ni mítà ọwọ́ fi ń wọn µF, kò sún mọ́ 80V rárá. Òrùlé tó lu kì í fara hàn lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà tí òjò bá rọ̀ lèèyàn ń mọ̀. Mítà mi wo òrùlé lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Iye µF tó gbé fún mi kì í ṣe irọ́, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe ohun tó yẹ kí n béèrè nìyẹn.

Kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn, mo pe Ìyá Ìjọ. Mo sọ fún un pé kàpásítọ̀ tí mo fi síbẹ̀ bú, pé ọwọ́ mi ló ti wá, àti pé n kò ní gba kọ́bọ̀ lé e lórí.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé ó ṣì lè dára kí ọjọ́ pé?"

"Á dára, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi láyè kí n má kánjú."

"Ẹ má kánjú o," ó wí. "Ẹ ti kánjú lẹ́ẹ̀kan."

Ọ̀nà tí a gbà jí àwọn kàpásítọ̀ náà kò le. Sùúrù ló gbà. Èrò rẹ̀ ni pé kí a fún kàpásítọ̀ ní fólítì tó nílò, ṣùgbọ́n kí a fi rẹsísítọ̀ ká a lọ́wọ́ kó má lè gba ju díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí awọ rẹ̀ bá ti fẹ́lẹ́, ìwọ̀nba iná díẹ̀ á wọ ibẹ̀, á hu awọ náà padà, kò sì ní gbóná. Bí awọ bá ṣe ń nípọn sí i ni fólítì orí kàpásítọ̀ á máa gòkè fúnra rẹ̀.

Ìṣòro tiwa ni iná. Jíjí kàpásítọ̀ lè gba òru mọ́jú, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò sì lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá rántí bátìrì kéékèèké oní-12V tí mo ń kó jọ láti inú UPS tó bàjẹ́, ẹ̀rọ tó ń gbé iná fún kọ̀ńpútà bí iná bá lọ. Mẹ́fà nínú wọn ṣì lágbára. Mo so wọn tẹ̀ léra, wọ́n fún mi ní 76V tí kì í mì, tí kì í lọ. Mo fi fíúsì 1A sí ẹnu wọn. Láti ibẹ̀, mo mú rẹsísítọ̀ 10kΩ oníwáàtì 2 lọ sí ojú pọ́sítífù kàpásítọ̀ kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀. Bí kàpásítọ̀ kan bá tilẹ̀ di òkú pátá, rẹsísítọ̀ yẹn kò ní jẹ́ kó gba tó 8mA, ìyẹn ìdá mẹ́jọ nínú ẹgbẹ̀rún ańpíà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, orí rẹsísítọ̀ ni kí ẹ gbé mítà lé, kì í ṣe orí kàpásítọ̀. Pẹ̀lú 10kΩ, 10V lórí rẹsísítọ̀ túmọ̀ sí pé 1mA ń kọjá. Ẹ kò nílò mítà olówó ńlá, ẹ kò sì ní já wáyà kí ẹ tó wọn ohun tó ń jò. Ẹ kàn ní láti dúró kí kàpásítọ̀ kọ́kọ́ kún ná: 10,000µF àti 10kΩ á gba bíi ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá kó tó kún, ohun tí mítà bá sọ ṣáájú ìyẹn kì í ṣe ìjò, kíkún ni.

A kò bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́fà. Bátìrì méjì la kọ́kọ́ lò, fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà mẹ́rin, kí a tó so mẹ́fà pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ló ń kọ iye sínú ìwé. Lórí mẹ́fà, kàpásítọ̀ àkọ́kọ́ sọ 31V lórí rẹsísítọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ìyẹn 3.1mA, fólítì orí òun fúnra rẹ̀ kò ju 45V lọ. Ẹ wò ó dáadáa: bátìrì ń gbé 76V fún un, kò lè di ju 45V mú. Lẹ́yìn wákàtí kan, 14V. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, 4V. Nígbà tí a ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, 1.5V péré ló kù, 0.15mA. Èkejì náà tọ ipa ọ̀nà kan náà, àfi pé ó lọ́ra jù ú lọ díẹ̀. N kò lè gbàgbé ayọ̀ tó wà lójú ọmọ yẹn láàárọ̀ bó ṣe ń ka nọ́ńbà náà fún mi.

Ẹ̀kẹta, èyí tó gbóná bí ife tíì, kọ̀. 38V ló bẹ̀rẹ̀, 34V ló wà lóru, 33V ló wà láàárọ̀. A fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò kúrò lórí 33V. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ìwé àwọn tó ń ṣe irú kàpásítọ̀ ńlá yìí sábà máa ń sọ ìwọ̀n ìjò tí wọ́n fàyè gbà: ẹ fi iye µF lu iye fólítì, ẹ wá nọ́ńbà tí a bá fi lu ara rẹ̀ tí yóò fún wa ní ìyẹn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ohun tó bá jáde ni máíkíró-ańpíà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ti 10,000µF 80V, 894 ni nọ́ńbà yẹn. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ súnmọ́ 2.7mA. Eléyìí ń jo 3.3mA lẹ́yìn ọjọ́ méjì, fólítì orí rẹ̀ kò sì tíì tó 45V. Mo gbà pé ooru ọjọ́ tí èkejì rẹ̀ bú ló ba tirẹ̀ jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ewu, nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ kéékèèké máa ń wà ní àyíká wa. Kàpásítọ̀ 10,000µF tó ti kún dé 76V gbé bíi júùlù 29 sínú. Bátìrì mẹ́fà yẹn fúnra wọn lè gbá èèyàn tí ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ẹ má ṣe fi ojú sukurudíráfà kan ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ láti fa iná inú rẹ̀ jáde. Iná tó bá ta níbẹ̀ lè fò sójú, ó sì ń ba kàpásítọ̀ tí ẹ fi òru mọ́jú jí jẹ́. Rẹsísítọ̀ 1kΩ oníwáàtì 10 á fa iná inú rẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ tún fi rẹsísítọ̀ náà sílẹ̀ lórí rẹ̀ fúngbà díẹ̀, nítorí kàpásítọ̀ ńlá tí a rò pé ó ti ṣófo tún lè gbé fólítì díẹ̀ yọ padà fúnra rẹ̀.

Mo ra méjì tuntun ní Alábá lọ́wọ́ ẹni tí mo mọ̀, tí nọ́ńbà ọdún ara wọn kò tíì pé méjì. A fi àwọn náà sórí bátìrì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, 3V péré ló wà lórí rẹsísítọ̀ wọn, 0.3mA. Bí èèyàn bá fi nọ́ńbà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 31V ti àkọ́kọ́, ohun tí ọdún 13 ṣe hàn kedere. Mo kó àwọn méjì tó jí sí apá pọ́sítífù, àwọn tuntun sí nẹ́gẹ́tífù, kí àwọn tó jọra lè jọ wà.

N kò tún tan ẹ̀rọ náà tààrà mọ́. Mo gba iná rẹ̀ kọjá gílóòbù 100W, irú èyí tó ní okùn pupa nínú. Oní-LED kò lè ṣe é. Bí ohun kan bá gba iná jù nínú ẹ̀rọ, gílóòbù á tàn gbòò, á sì dá iná dúró. Tiwa tàn fìrí bí kàpásítọ̀ ṣe ń kún, ó sì rọlẹ̀ títí ó fi kàn ń pọ́n díẹ̀. Mo wọn DC lẹ́nu ọ̀nà sípíkà, kò tó 20mV. Ìgbà yẹn ni mo yọ gílóòbù.

Ó wá ku kí gbogbo ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ pọ̀ fún wákàtí púpọ̀ kó tó padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Ohun tó bá máa tètè kú nínú ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ní wákàtí àkọ́kọ́ ló sábà máa ń kú. Ó sàn kó kú lórí tábìlì mi. N kò lè máa fi sípíkà pariwo mọ́jú ní Sábó, nítorí náà ojú iná áyọ́ọ̀nù la lò. Áyọ́ọ̀nù 1,000W lórí 220V ní bíi 48Ω. Mẹ́fà tí a so lẹ́gbẹ̀ẹ́ra wọn di 8Ω, kò sì dún rárá. A gbé 12V AC lé e, bíi 18W, ọ̀nà ohùn kan lẹ́yìn èkejì, ọ̀tún àti òsì, wákàtí 24 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń lọ, ọjọ́ márùn-ún ló gbà.

Ó ku díẹ̀ kí ọ̀nà kejì pé wákàtí 20 nígbà tí rílè sípíkà, ṣúíìṣì tó ń gé ohùn bí nǹkan bá bàjẹ́, ta "ká!", tí ọ̀nà náà dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé kàpásítọ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fi igi gbígbẹ kan bọ́ọ̀dù níbìkan níbìkan títí mo fi dé ìdí rẹsísítọ̀ 0.22Ω kan lábẹ́ tíránsísítọ̀ ńlá. Lẹ́ẹ̀dì ìdí rẹ̀ ti là yípo bí òrùka, ooru àti òtútù ọdún púpọ̀ ló là á. Bó bá gbóná, á jára; bó bá tutù, á tún padà kàn. Iṣẹ́ tiwa kò dé ibẹ̀ rárá, n kì bá sì rí i láéláé bí mo bá gbé ẹ̀rọ náà jáde lẹ́yìn wákàtí kan. Láàárín ìkórè ni ìbá ti dákẹ́. Mo tún gbogbo irú ibẹ̀ jó ní ọ̀nà méjèèjì, a sì bẹ̀rẹ̀ kíka wákàtí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ohùn ní ìjọ náà wá wò wá lọ́jọ́ kan. Ó ní òun ti gbọ́ pé ó yẹ kí gbogbo kàpásítọ̀ ṣiṣẹ́ fún wákàtí 200 kí ohùn tó "ṣí". Ó bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́, inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n mo sọ ojú mi fún un. Ohun tí mo rí nínú kàpásítọ̀ wọ̀nyí, mítà rí i: 31V di 1.5V. Kàpásítọ̀ kéékèèké oníláílóọ̀nù tó wà ní ọ̀nà ohùn kò ní awọ oxide tó ń hù tàbí tó ń kú, n kò sì rí ohun tí wákàtí 200 máa ṣe fún wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo ti fi tuntun sí ọ̀nà ọ̀tún, ti àtijọ́ tó ṣì dára wà ní òsì, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi sì ń yí orin kan náà láti ọ̀tún sí òsì láìsọ èyí tó jẹ́. Ìgbà mẹ́wàá la ṣe é. Ó mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀márùn-ún. Sípíkà tuntun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, nítorí aṣọ àti ẹ̀gbẹ́ tó gbé kóònù rẹ̀ ró máa ń rọ̀ lóòótọ́ bó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, béèsì á sì sọ̀ kalẹ̀ sí i. Etí wa náà sì máa ń mọ́ ohùn lára. Bí èèyàn bá gbọ́ ẹ̀rọ kan fún ọ̀sẹ̀ kan, á dùn ún ju bó ṣe rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, yálà ẹ̀rọ yí padà tàbí kò yí.

Kí a tó dá ańpílífáyà padà, mo ní kí oníṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ wọn wá yí i wálẹ̀ sí 230V. Bí a bá fi kàpásítọ̀ dáradára sí abẹ́ 252V, a kàn sún ọjọ́ síwájú ni. Wọ́n ṣe ìkórè. Ìyá Ìjọ fi ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ránṣẹ́ sí wa ní ọjọ́ Ajé, ó sì ní kí wọ́n sọ fún mi pé màlúù ti kúrò lẹ́yìn pẹpẹ.

Láti ìgbà náà, kò sí kàpásítọ̀ pawa tó ń wọ ẹ̀rọ oníbàárà lọ́dọ̀ mi láìkọ́kọ́ dé orí bátìrì. Tuntun, wákàtí kan; èyí tó bá ti lé ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta, òru kan. Nọ́ńbà ọdún ara rẹ̀ la kọ́kọ́ ń kà, kí a tó ka µF. A ń kọ iye ìjò àti ọjọ́ sí ara rẹ̀ pẹ̀lú bírò tí kì í parẹ́. A ti gbé páálí wọn kúrò nílẹ̀, níbi tí ọ̀rinrin ọ̀sà ń dé, a sì gbé e kúrò lábẹ́ páànù tó ń gbóná lọ́sàn-án, nítorí bí ooru bá fi bíi 10°C lé sí i, ọjọ́ ayé kàpásítọ̀ á dínkù sí ìdajì. Owó wákàtí wọ̀nyí wà nínú iye tí mo ń sọ fún oníbàárà, mo sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá kọ̀, mo ń jẹ́ kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ogún ló kù nínú páálí bàbá Ìgbógbó. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi jí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín oṣù kan, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Mẹ́rìnlá jí. Mẹ́fà kọ̀, wọ́n sì dára lójú bí àwọn yòókù, µF wọn pé. Ó béèrè pé kí la máa ṣe sí wọn. Mo fún un ní pílíyà, mo ní kó gé ẹsẹ̀ wọn kúrò pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wọn lórí ààtàn kó tún gbé wọn lọ tà.